Orí Keje: Atalẹ̀ Pupa, Ìṣápá àti Àyẹ̀wò Oúnjẹ Nínú Ilé

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi atalẹ̀ pupa se ọbẹ̀ rí, tí ọbẹ̀ náà ta sí i láṣọ funfun, tí ó sì sáré mú ọṣẹ láti fọ̀ ọ́ kí àbàwọ́n tó wọ òwú lára, yóò ti rí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí láì béèrè ìdí rẹ̀: ibi tí ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tẹ́lẹ̀ yóò pọ́n lójijì bí ìgbà tí a fi osùn kùn ún, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí osùn nínú ọṣẹ, kò sì sí nínú omi. Bí ẹni náà bá ní sùúrù, tí ó gé ọsàn wẹ́wẹ́, tí ó sì fún omi rẹ̀ sí ojú ibẹ̀, pípọ́n náà yóò pòórá, àwọ̀ ìyeyè yóò sì padà sí àyè rẹ̀. Lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ yìí ni a gbé gbogbo ẹ̀kọ́ orí yìí kà, nítorí pé ohun tí ó lè sọ fún wa pé ọṣẹ ti kan aṣọ lè sọ fún wa pẹ̀lú nígbà tí ọṣẹ, tàbí ohun mìíràn tí ó bá ọṣẹ tan, bá ti kan oúnjẹ tí a fẹ́ gbé sẹ́nu.

Ẹ̀là lọ̀rọ̀, bí a kò bá là á, kì í yéni. Púpọ̀ nínú àwọn ohun tí ń yòrò sínú omi ni a lè pín sí ìran méjì tí wọn kì í gbé pọ̀ kí agbára wọn má dínkù. Ìran kíkan ni èkíní: omi ọsàn wẹ́wẹ́, omikan tí a dà kúrò lórí ògì, wàrà tí ó ti ṣẹ́, àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n dáadáa. Ìran kán-ún ni èkejì: kán-ún fúnra rẹ̀, omi eérú tí a sẹ́, ọṣẹ dúdú, àti ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ. Bí a bá da ọ̀kan lu èkejì, wọn a máa pa agbára ara wọn, títí èyí tí ó pọ̀ jù yóò fi borí. Àwọn baba ńlá wa kò ṣe aláìmọ èyí. Àwọn ìyá aláró ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo kò nílò ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé aró kì yóò mú aṣọ bí omi eérú kò bá tó nínú ìkòkò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robert Boyle, ọmọ bíbí ilẹ̀ Ireland, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọ̀ ní ọdún 1664, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé omi òdòdó violet a máa pọ́n nínú ohun kíkan, a sì máa di àwọ̀ ewé nínú ohun tí ó jẹ́ ìran kán-ún. Irú ohun bẹ́ẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà láti sọ irú ìran tí ó bá pàdé, ni a ó máa pè ní atọ́ka nínú ìwé yìí. Atọ́ka méjì ni a ó lò, a sì lè rí méjèèjì rà ní ọjà èyíkéyìí láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́: atalẹ̀ pupa, àti ìṣápá pupa tí àwọn ọlọ́jà ń tà ní gbígbẹ fún àwọn tí ń po sóbò.

Kí a tó máa po nǹkan pọ̀, ó yẹ kí a mọ ìdí tí iṣẹ́ yìí fi tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe òní ni àwọn kan ti ń fi èrú bọ inú oúnjẹ. Ní ọdún 1820, Friedrich Accum, ará Jámánì tí ó fi London ṣe ibùgbé, kọ ìwé kan tí ó fi tú àṣírí àwọn tí ń fi èròjà òjé kun àdídùn àwọn ọmọdé, àti àwọn tí ń fi èròjà bàbà sọ èso inú ìgò di aláwọ̀ ewé tí ń wu ojú. Ní ilẹ̀ tiwa, nǹkan bí ọdún 1990, oògùn olómi tí a ṣe láìtọ́ pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Ìbàdàn àti ní Jos, ẹkún àwọn òbí wọn sì wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ ní 1993 láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn. Orúkọ Dora Akunyili, tí ó di olórí àjọ náà ní 2001, kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn òbí wa, nítorí pé ó bá àwọn oníṣẹ́ èrú jà láì fi bò. Síbẹ̀síbẹ̀, àjọ kan ṣoṣo kò lè dúró ti gbogbo ìkòkò, ibi tí ojú ìjọba kò sì dé, ojú ìyàwó ilé àti ojú ọmọ ilé ìwé gbọ́dọ̀ là níbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìlú méjì tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kò jìnnà sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìkòròdú Ọ̀gá jókòó sí etí ọ̀sà, ọ̀nà Ṣágámù gba àárín rẹ̀ kọjá, oúnjẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ti òkè ọya sì ń gba ibẹ̀ wọ Èkó tọ̀sán tòru. Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú apẹja àti ìlú oníṣòwò, Ẹ̀pẹ́ ti àwọn ará Èkó àti Ẹ̀pẹ́ ti àwọn ará Ìjẹ̀bú, tí Ọjà Olúwo rẹ̀ di ibi tí àwọn ará Èkó ń rin ìrìn àjò lọ nítorí ẹja nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni Èjìnrìn, tí kò jìnnà sí i, ti jẹ́ ọjà ńlá tí ọkọ̀ ojú omi ń ná kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé. Nígbà náà, ẹni tí ó ta fùfú fún ọ lè jẹ́ ìyá ọ̀rẹ́ rẹ, o sì mọ kànga tí ó ti pọn omi rẹ̀. Lónìí, oúnjẹ tí a ń rà ti gba ọwọ́ tí a kò lè kà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí kò sọ gbogbo ọlọ́jà di oníjìbìtì. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ olóòótọ́ tí ń jí kí àkùkọ tó kọ. Ohun tí ó sọ di dandan ni pé kí ẹni tí ń jẹ oúnjẹ kọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oúnjẹ náà fúnra rẹ̀.

Pípèsè àwọn atọ́ka

Atalẹ̀ pupa kì í jọ̀wọ́ àwọ̀ rẹ̀ fún omi. Ọtí líle ni ó ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún. Èròjà tí ń jẹ́ curcumin, tí ó gbé àwọ̀ ìyeyè náà ró, fẹ́rẹ̀ẹ́ má yòrò nínú omi rárá. Nítorí náà, ẹ bu ṣíbí kan atalẹ̀ pupa gbígbẹ tí a ti lọ̀, ẹ dà á sínú ìdajì ife ògógóró tàbí sípírítì tí a rà ní ilé oògùn, ẹ dé e, ẹ sì jẹ́ kí ó sùn di ọjọ́ kejì. Ògógóró a máa gbiná ní wàràwàrà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe iṣẹ́ yìí nítòsí ààrò tàbí sítóòfù, kí àgbàlagbà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti sílẹ̀, ẹ rọra da èyí tí ó mọ́ sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ẹ ti bébà funfun tí kì í dán bọ inú rẹ̀, irú bébà tí ń fa omi mu, ẹ sá a sí ibòji, ẹ sì gé e wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀n ìka kan. Inú agolo tí ó ní ìdérí ni kí ẹ fi í sí, torí pé oòrùn a máa jẹ àwọ̀ atalẹ̀.

Ti ìṣápá rọrùn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n kan nínú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ẹ da ife omi gbígbóná kan lé ẹ̀kúnwọ́ ìṣápá gbígbẹ, láìsí ṣúgà, láìsí ata, láìsí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Omi pupa tí ẹ rí yìí kan fúnra rẹ̀; bí ẹ bá dà á púpọ̀ sínú ohun tí ẹ ń yẹ̀ wò, kíkan tirẹ̀ yóò gbé ìwọ̀nba kán-ún tí ó wà níbẹ̀ mì, ẹ ó sì rò pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀kán mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ṣíbí ńlá kan omi tí a fẹ́ yẹ̀ wò ti tó. Nínú ohun kíkan, ìṣápá yóò pupa sí i. Nínú omi lásán, yóò ṣá, yóò sì máa sún mọ́ àwọ̀ elésè àlùkò. Nínú ìran kán-ún, yóò di àwọ̀ aró, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé, bí kán-ún náà bá sì le gan-an, yóò di àwọ̀ ìyeyè tí kò wu ojú. Atalẹ̀ ní tirẹ̀ kì í dá kíkan mọ̀ yàtọ̀ sí omi lásán, kán-ún nìkan ni ó ń ké sí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dájú ju ti ìṣápá lọ nítorí pé ó ń fò láti ìyeyè sí pupa láìsí àárín méjì. Omi ìṣápá kì í pẹ́ kí ó tó bàjẹ́, nítorí náà ọjọ́ tí a bá sẹ́ ẹ ni kí a lò ó.

Ẹlẹ́rìí

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó bá kán ìṣápá sínú omi fùfú kan ṣoṣo, tí ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, tí ó sì fi igbe ta, ti dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnìkejì. Kò sí àyẹ̀wò tí ó ní láárí tí kò ní ẹlẹ́rìí. Ife mẹ́ta ni kí ẹ máa tò sílẹ̀ nígbà gbogbo: ọ̀kan fún oúnjẹ tí a fura sí, ọ̀kan fún irú oúnjẹ kan náà tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe, tí ẹ sì mọ̀ dájú pé kò sí èrú nínú rẹ̀ (òun ni ẹlẹ́rìí), àti ọ̀kan fún oúnjẹ mímọ́ yẹn kan náà tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi èékánná bu kán-ún sí, kí ojú yín lè mọ bí èrú ṣe ń rí. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ wá yẹ omi tí ẹ lò wò. Omi kànga kì í dọ́gba láti àdúgbò sí àdúgbò. Èyí lè kan díẹ̀, èyí sì lè ní ìran kán-ún nínú láti inú ilẹ̀ wá, ẹni tí kò bá sì yẹ omi ara rẹ̀ wò yóò gbé ẹ̀bi kànga lé ọlọ́jà lórí.

Fùfú

Orí fùfú ni a ó ti dúró pẹ́, nítorí pé níbẹ̀ ni èrú àti ewu gbé pàdé. Ẹ̀gẹ́, pàápàá èyí tí ó korò, ní májèlé nínú láti inú oko: ohun kan tí ń jẹ́ linamarin wà nínú ẹran ara rẹ̀, bí a bá sì gé e tàbí tí a lọ̀ ọ́, linamarin yóò tú, yóò sì yọ cyanide jáde, èyí tí ó lè pa ènìyàn bí ó bá pọ̀, tí ó sì lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ bí a bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ìyá wa rí ọ̀nà àbáyọ láìmọ orúkọ májèlé náà. Wọn a bó ẹ̀gẹ́, wọn a gé e, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò rí yóò sọ ṣúgà inú ẹ̀gẹ́ di ohun kíkan, irú kan náà tí ó ń sọ ògì àti wàrà di kíkan. Ẹ̀gẹ́ yóò rọ̀, májèlé náà yóò sì tú, apá kan yóò bá omi lọ, apá kan yóò fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Òórùn fùfú tí àwọn kan ń yínmú sí jẹ́ ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà ṣe.

A ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ ìlera sì ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀, pé àwọn kan ń bu ọṣẹ oníyẹ̀fun sínú omi ẹ̀gẹ́ kí ó lè tètè rọ̀, kí ó sì funfun nini. Ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò fi ọṣẹ jẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ níyà nìkan. Ó tún jí ọjọ́ tí ó yẹ kí májèlé fi jáde lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwà ìkà méjì ni ó wé sínú ewé kan, kò sì sí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí ó yẹ kí a fi sọ ọ́.

Báyìí ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bu ṣíbí fùfú tútù kan, èyí tí a kò tíì rò, ẹ pò ó mọ́ ìdajì ife omi mímọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó sílẹ̀ títí omi orí rẹ̀ yóò fi mọ́. Omi orí yẹn ni kí ẹ kán ìṣápá sí. Fùfú olóòótọ́ kan dáadáa, nítorí náà omi rẹ̀ yóò dì mọ́ pupa láìyẹsẹ̀. Bí àwọ̀ náà bá ń fà sí elésè àlùkò, tàbí tí ó di àwọ̀ aró, nígbà tí ti ẹlẹ́rìí ṣì pupa, ohun tí ó jẹ́ ìran kán-ún ti wọ inú rẹ̀, tàbí, ó kéré tán, kíkan tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ kò tó. Ẹ tún da omi kan náà sínú ìgò tí ó ní ìdérí, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì wo ìfófó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlẹ́rìí; omi ẹ̀gẹ́ a máa hó díẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìfófó ọṣẹ a máa pọ̀ jù ú lọ, a sì máa pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀.

Kí ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ìṣápá bá pupa, kò túmọ̀ sí pé kò sí ọṣẹ. Kíkan fùfú lè pọ̀ tó láti pa agbára ìwọ̀nba ọṣẹ, ẹni tí ó fi ọṣẹ sí i lè ti fi omi ṣàn án léraléra, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè sọ fún yín iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ náà lò nínú omi. Ohun tí a bá bi atọ́ka nìkan ni ó ń dáhùn: kíkan ni tàbí kán-ún? Kò mọ ìbéèrè mìíràn.

Ẹ̀wà àti èso

A ó kọjá kíákíá lórí ẹ̀wà sísè. Àwọn alásè kan a máa fi kán-ún sí i kí ó lè tètè rọ̀ kí igi ìdáná má baà tán, bébà atalẹ̀ tí a bá sì tì bọ inú omi ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ yóò pọ́n bí kán-ún náà bá pọ̀. Kán-ún kì í ṣe májèlé, a sì ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nínú ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ṣùgbọ́n ìran iyọ̀ ni, ẹni tí oníṣègùn bá sì ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń jẹ.

Ti èso wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra lórí àwọn tí ń fi kábáìdì, òkúta eérú tí àwọn wẹ́dà ń lò, mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò pọ́n lọ́ranyàn. Bí ọ̀rinrin bá kan kábáìdì, yóò tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí ń mú èso pọ́n, ìyẹn sì ni àwọn oníṣòwò ń wá. Ṣùgbọ́n kábáìdì ọjà a máa ní àbùlà arsenic nínú, èyí tí ó jẹ́ májèlé gidi. Nígbà tí afẹ́fẹ́ náà bá ti jáde tán, ohun tí ó kù sílẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun funfun tí ó jẹ́ ìran kán-ún líle. Níbẹ̀ ni atalẹ̀ ti wúlò: bí ẹ bá rí eérú funfun tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kọ̀rọ̀ ìdì rẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ rin bébà atalẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Pípọ́n rẹ̀ jẹ́ ẹ̀sùn tí ó lágbára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́n a máa wé kábáìdì sínú bébà kí ó tó tì í sáàárín èso, èso náà kò sì ní í fara kàn án rárá. Nígbà náà, bébà yín yóò dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ kò sì dá ẹnikẹ́ni láre. Ojú ni kí ẹ lò níbẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n káàkiri ní ìgbà kan náà, tí igi ìdí rẹ̀ sì ṣì tutù yọ̀yọ̀, yẹ kí a ro tìrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹja Ẹ̀pẹ́

Ẹni tí ó bá ń lọ sí Ọjà Olúwo láti ra àrọ̀, epìyà tàbí ọ̀bọ̀kún kò nílò kí a kọ́ ọ pé kí ó ṣí ìjàgbọ̀n ẹja wò kí ó sì fi ìka tẹ ẹran rẹ̀. Ìṣápá lè ran ọgbọ́n àtijọ́ yìí lọ́wọ́ ní ọ̀nà tí ó dùn mọ́ni láti rí. Nígbà tí ẹja bá ń rà, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀ a máa tú afẹ́fẹ́ jáde tí ó jẹ́ ìran kán-ún, òun ni ó ń ta ni nímú. Ẹ ti bébà funfun bọ omi ìṣápá, ẹ gbẹ ẹ́ ní ibòji, ẹ tún un tì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ padà. Bí ẹ bá ti dé ilé, ẹ gé ẹja náà bíi ìwọ̀n páálí ìṣáná, ẹ fi sínú abọ́, ẹ fi omi díẹ̀ rin bébà náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdérí kí ó má fara kan ẹja, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì gbé e sí ibòji fún ìdajì wákàtí. Lórí ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi, bébà náà yóò dúró ní pupa. Lórí èyí tí ó ti ń rà, etí bébà ni yóò kọ́kọ́ dúdú díẹ̀ sí elésè àlùkò, lẹ́yìn náà àwọ̀ náà yóò máa rìn lọ sí àárín. Àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń fi irú àwọ̀ òdòdó kan náà yìí ṣe àmì sí ara ọ̀rá tí a fi ń di ẹja, kí ẹni tí ń rà á lè mọ èyí tí ó ti pẹ́ láì tíì tú u.

Níbi tí bébà yìí ti wúlò, níbẹ̀ náà ni ó ti lè tan ni jẹ. Àwọn aláìláàánú kan, ní oríṣiríṣi ilẹ̀ ayé, ti fi formalin, oògùn tí a fi ń tọ́jú òkú kí ó má baà bàjẹ́, sí ara ẹja tàbí ẹran. Oògùn yìí a máa pa kòkòrò tí ń mú ẹja rà, a sì máa dì mọ́ afẹ́fẹ́ tí bébà ń retí, nítorí náà bébà yóò pupa fòò lórí ẹja tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹja tí eṣinṣin kò bà ní ọ̀sán gangan, tí ẹran rẹ̀ le gbagidi bíótilẹ̀jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti kú, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta ojú ní omi, ẹ má ṣe tẹ́tí sí bébà lórí rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Ohun tí atọ́ka kò lè rí

Epo pupa ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ilé tí kò sí. Àwọ̀ kan wà tí a ń pè ní Sudan IV, tí a ṣe fún ìda àti fún ìpara bàtà, tí àwọn kan ń dà sínú epo pupa kí ó lè pọ́n ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ní 2015, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ ní Ghana rí i nínú epo tí wọ́n kó láti àwọn ọjà Accra. Ní 2005, ìbátan rẹ̀, Sudan I, mú kí wọ́n kó oúnjẹ tí irú rẹ̀ ju 400 lọ kúrò lórí àtẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe kíkan, wọn kì í sì í ṣe kán-ún, inú ọ̀rá ni wọ́n sì ń gbé; ìṣápá kò ní ohun tí yóò bá wọn sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni potassium bromate, tí NAFDAC ti fi òfin dè nínú búrẹ́dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn apakòkòrò dichlorvos tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sniper, tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà nítorí kòkòrò tàbí sí ẹja gbígbẹ nítorí eṣinṣin, tí ikú tí ó ń fà sì mú kí àjọ kan náà fi òfin de ìgò kéékèèké rẹ̀ ní ọjà ní 2019. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé atalẹ̀ tàbí ìṣápá lè dá ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí mọ̀, kò sọ òtítọ́, irọ́ irú èyí sì léwu nítorí pé ó ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ó balẹ̀.

Ẹ̀rọ inú yàrá ìwádìí ni ó lè rí wọn. NAFDAC ní yàrá ìwádìí ńlá ní Òṣòdì. Ní Ìkòròdú, Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Pólì títí di 2022, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ oúnjẹ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní àjọ LASCOPA tí ń gba ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Bí àyẹ̀wò yín nínú ilé bá fi ohun kan hàn, ẹ tọ́jú ìyókù oúnjẹ náà pẹ̀lú ọ̀rá tàbí ewé tí a fi dì í, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rà á sílẹ̀, ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe pẹ̀lú ẹlẹ́rìí tuntun, kí ẹ tó gbé e tọ àwọn tí ó ní ẹ̀rọ lọ. Ẹ má ṣe lọ pariwo orúkọ ènìyàn ní ọjà. Obìnrin tí a ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lórí ẹ̀kán ìṣápá kan kì í rí i tún ṣe mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì sùn pẹ̀lú ebi ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ pèsè atọ́ka méjèèjì bí a ti ṣàlàyé, kí ẹ kọ́kọ́ dán wọn wò lórí omi ọsàn wẹ́wẹ́, omikan, omi òjò, omi eérú àti omi ọṣẹ dúdú, kí ẹ sì kun àwọ̀ tí ẹ bá rí sínú ìwé yín láì fi orúkọ àwọ̀ nìkan sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ rẹ ẹ̀gẹ́ sínú ìkòkò méjì, ọ̀kan láìsí nǹkan kan, ọ̀kan pẹ̀lú ṣíbí ọṣẹ oníyẹ̀fun kan, kí ẹ máa kán ìṣápá sí omi méjèèjì ní àràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin; kí ẹnikẹ́ni má tọ́ nínú wọn wò, kí a sì sin ti ọlọ́ṣẹ mọ́lẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ kò ti lè dé. Ẹ ṣàlàyé ìdí tí àwọ̀ omi ìkòkò kejì fi lè padà sún mọ́ pupa bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ẹ pọn omi láti inú kànga mẹ́ta ní àdúgbò tí ó yàtọ̀ síra, ẹ fi ìṣápá yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ sì kọ èyí tí ẹ kò ní í fi ṣe àyẹ̀wò fùfú láé, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Níkẹyìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti epo pupa ní Ìkòròdú, atalẹ̀ rẹ̀ kò pọ́n lórí ọ̀kan nínú méjèèjì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò sí èrú nínú wọn: ẹ tún gbólóhùn rẹ̀ kọ kí ó lè jẹ́ òtítọ́.